Ìlà log mi ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta: ibo gan-an ló yẹ kí logger wà nínú kíláàsì?

ỌmọAgbowó · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí.

Mo kọ prógíráàmù kékeré kan ní Python fún ìyá kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá ní Gbági tuntun. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni wọ́n ní. Oníbàárà á fi tíráńsífà sanwó, prógíráàmù mi á gba ìròyìn owó náà, ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á wá tẹ nọ́ńbà oníbàárà àti ọjọ́ tó sanwó sí i láti mọ̀ bóyá owó ti wọlé kó tó gbé ọjà fún un.

Sátidé tó kọjá, ìyẹn ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, oníbàárà kan ti Ìsẹ́yìn dé ní aago 9 àárọ̀. Òru ló ti fi 84,000 náírà ránṣẹ́. Rìsíìtì wà lórí fóònù rẹ̀, ọjọ́ Sátidé ló sì wà lára rẹ̀. Prógíráàmù mi ní kò sí owó kankan. Ọmọ iṣẹ́ kò gbé ọjà sílẹ̀, ìyá oníbàárà náà dúró títí di ọ̀sán, ó sì fi ìbínú lọ. Nígbà tí wọ́n pè mí débẹ̀, kò sí ohun tí mo lè wò. Orí server tí mo háyà ni prógíráàmù wà, ṣùgbọ́n print ni mo kọ káàkiri inú rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù sì ni print ń jáde sí. Iná lọ, kọ̀ǹpútà kú, gbogbo ohun tí print sọ bá a lọ.

Ní alẹ́ àná, mo wá yí gbogbo rẹ̀ sí logging, irinṣẹ́ Python tó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì (log ni fáìlì náà, logger ni ẹni tó ń kọ ọ́). Báyìí ni mo ṣe é nínú kíláàsì Isanwo, ìyẹn àwòṣe tí mo fi ń dá ìsanwó kọ̀ọ̀kan:

```
class Isanwo:
    def __init__(self, onibaara, iye):
        self.onibaara = onibaara
        self.iye = iye
        self.log = logging.getLogger("oja")
        h = logging.FileHandler("oja.log")
        self.log.addHandler(h)
```

Nígbà tí mo dá Isanwo kan, ìlà kan jáde. Mo dá èkejì, ìlà kọ̀ọ̀kan ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ló fà á? Ibo ló sì yẹ kí logger wà: nínú `__init__`, lókè kíláàsì, àbí lókè fáìlì? Kíláàsì mẹ́sàn-án ló ṣì kù tí n kò tíì fọwọ́ kàn.

Ẹ̀gbọ́nMọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 9:15 àárọ̀

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Pẹ̀lẹ́ ti Sátidé yẹn.

`getLogger("oja")` kì í dá logger tuntun sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá pè é. Orúkọ ló ń wò. Bí orúkọ náà bá ti wà nílẹ̀, ọ̀kan náà ni yóò máa fún ọ títí prógíráàmù á fi parí. Àmọ́ handler tuntun, ìyẹn ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ logger lọ sínú fáìlì, lò ń dá nínú `__init__`, gbogbo wọn lo sì ń so mọ́ logger kan ṣoṣo yẹn. Bí òde ìnáwó ni. Máíìkì kan ló wà lọ́wọ́ alága ìdúró, ṣùgbọ́n gbogbo àlejò tó ń wọlé ló ń gbé gbohùngbohùn tiẹ̀ wá so mọ́ ọn. Alága sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó jáde níbi ogójì.

Yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú kíláàsì. Nínú `oja/isanwo.py`, kọ èyí lókè fáìlì:

```
import logging
log = logging.getLogger(__name__)
```

Lẹ́yìn náà, níbi tí prógíráàmù ti ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré:

```
logging.basicConfig(
    filename="oja.log", level=logging.INFO,
    format="%(asctime)s %(levelname)s %(name)s %(message)s")
```

Ohun tí mo fẹ́ kó o mú dání nìyí: iṣẹ́ kíláàsì ni kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, yálà fáìlì tàbí ojú kọ̀ǹpútà, kò kàn án. Ẹni tó tan prógíráàmù ló ni ìyẹn.

ỌmọAgbowó · Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo yọ addHandler, ẹyọ kan ló ń jáde báyìí. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà `log.debug` mi kò jáde rárá. Ohun kejì: bí log bá wà lókè fáìlì, báwo ni n ó ṣe mọ object tó sọ̀rọ̀? Isanwo ọgọ́rùn-ún lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

ÌyáKóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 11:30 àárọ̀

Ọmọ mi, ìbéèrè kejì yẹn lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n yára dá ti àkọ́kọ́ lóhùn.

Ìpele ló fà á. Márùn-ún ni wọ́n, nọ́ńbà sì wà lára wọn: DEBUG 10, INFO 20, WARNING 30, ERROR 40, CRITICAL 50. O ti ní INFO, nítorí náà ohunkóhun tí kò tó 20 kò ní jáde. Ká ní o kò tilẹ̀ sọ ìpele kankan, WARNING ni ì bá mú, INFO pàápàá kò ní jáde. Bí fáìlì kan ṣoṣo lo bá fẹ́ gbọ́ debug rẹ̀:

```
logging.getLogger("oja.isanwo").setLevel(logging.DEBUG)
```

Àmì ìdánudúró inú orúkọ yẹn ló ń fi ìdílé hàn. `oja.isanwo` ni ọmọ `oja`, `oja` sì ni ọmọ root, baba ńlá gbogbo logger. Ọmọ á sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á gòkè lọ bá àwọn òbí, handler tó bá wà lọ́dọ̀ wọn á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí `__name__` fi dára: orúkọ fáìlì rẹ ti di orúkọ ìdílé láìjẹ́ pé o ṣe wàhálà kankan.

Ó yá, ìbéèrè kejì. Logger kì í ṣe ti object. Ti fáìlì ni. Ohun tó jẹ́ ti object ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló sì gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ìlà tó bá kọ. Wo méjì yìí:

```
WARNING oja.isanwo a ko ri owo
WARNING oja.isanwo wiwa: onibaara='OB-117' lati=2025-03-08 00:00 de=2025-03-09 00:00 ri=0
```

Bí wọ́n bá pè ọ́ láti Gbági láàárọ̀ Sátidé, tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣàlàyé, tí oníbàárà ń bínú, èwo ló máa gbà ọ́? Ohun tí ìwọ náà ti mọ̀ ni ti àkọ́kọ́ ń sọ fún ọ. Èkejì sọ ẹni tí wọ́n wá, ọjọ́ tí wọ́n wá a dé, àti iye tí wọ́n rí. Kọ log fún ẹni tí yóò kà á nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ó lè jẹ́ ìwọ. Ó sì lè jẹ́ ẹlòmíràn tí kò rí kóòdù rẹ rí.

Orúkọ log yìí fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn atukọ̀ ojú òkun ló ti wá. Wọ́n á so okùn mọ́ igi, wọ́n á jù ú sómi láti fi mọ eré tí ọkọ̀ ń sá, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí ìwé náà ṣe ń jẹ́ log nìyẹn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ, torí nọ́ńbà ni ẹni tó bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn máa lò.

JavaOjóò · Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fara mọ́ ohun tí Ìyá wa sọ, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ logger tó dá dúró lókè fáìlì. Java ni mo fi ń jẹun. Lóòótọ́, lọ́dọ̀ wa náà, `private static final Logger` ni gbogbo ènìyàn ń kọ sókè kíláàsì pẹ̀lú SLF4J, irinṣẹ́ log ti Java, èmi náà sì ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Àmọ́ ohun tí kíláàsì bá nílò, ẹnu ọ̀nà ló yẹ kó gbà wọlé. Kí wọ́n fi logger lé e lọ́wọ́ nínú constructor, ibi tí wọ́n ti ń dá object. Ẹni tó ń ka kóòdù á rí i, ẹni tó fẹ́ ṣe test á sì lè fi logger mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nMọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Ọ̀rẹ́ mi, kíláàsì mẹ́wàá ni ọmọ yìí ní. Bí gbogbo wọn bá ń gba logger lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ dá `Aso` kan, tí kò ju orúkọ àti iye ọ̀pá lọ, á kọ́kọ́ wá logger lọ. Lọ́la, `Aso` á fẹ́ dá nǹkan mìíràn nínú ara rẹ̀, ó tún gbọ́dọ̀ gbé logger fún ìyẹn náà. Láìpẹ́, ìdajì kóòdù á di gbígbé ẹrù tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Ti test, unittest, irinṣẹ́ test ti Python, ti ní `assertLogs` láti Python 3.4:

```
with self.assertLogs("oja.isanwo", level="WARNING") as c:
    akojo.wa("OB-117", lati, de)
self.assertIn("ri=0", c.output[0])
```

Kò sí ohun tí o fi rọ́pò ohunkóhun níbẹ̀.

JavaOjóò · Ọjọ́ Ajé, 2:40 ọ̀sán

Ti test yẹn, mo gbà. Ohun kan wà tí n kò ní fi sílẹ̀ o. Bí Ìyá oníléèsì bá fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ọjà jáde, àti aago tó fọwọ́ sí i, ìyẹn kì í ṣe log mọ́. Ìwé owó nìyẹn. Bí fáìlì log bá pa rẹ́ lóru, ọjà á ṣì tà láàárọ̀. Bí ìwé owó bá pa rẹ́, ìjà dé. Ìwé owó gbọ́dọ̀ jẹ́ kíláàsì tirẹ̀, inú database ni kó máa kọ sí, ẹnu ọ̀nà constructor ni kí Isanwo sì ti gbà á. Bí kò bá lè kọ ọ́, kí iṣẹ́ náà dúró. Log kò gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró láé.

Ẹ̀gbọ́nMọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ajé, 2:44 ọ̀sán

Lórí èyí, ẹnu wa kò.

Akẹ́kọ̀ọ́Sángo · Ọjọ́ Ajé, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ṣé kò ní dára kí ẹ̀gbọ́n kọ decorator kan, ìyẹn function tó ń yí function mìíràn ká, kó sì fi lé gbogbo method (function inú kíláàsì) lórí? Kò ní sí ìdí láti máa kọ log lọ́kọ̀ọ̀kan.

```
def ko_sile(f):
    @functools.wraps(f)
    def inu(*args, **kw):
        log.info("wole %s %r", f.__qualname__, args)
        esi = f(*args, **kw)
        log.info("jade %s %r", f.__qualname__, esi)
        return esi
    return inu
```

ÌyáKóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

O ronú dáadáa, ọmọ mi, àwọn àgbà sì ti ronú bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1997, Gregor Kiczales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Xerox PARC gbé ohun tí wọ́n pè ní aspect-oriented programming jáde: iṣẹ́ tó kan gbogbo kíláàsì tí kì í sì í ṣe ti ọ̀kankan nínú wọn, kí wọ́n kó o jọ síbì kan. Log ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ṣàlàyé rẹ̀ títí dòní. Bí o bá fẹ́ wọn ìṣẹ́jú tí method ń lò, decorator rẹ dára gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó rí ẹni tó wọlé, ó rí ẹni tó jáde, kò mọ ohun tí wọ́n sọ nínú yàrá. Kò lè sọ ìdí tí `wa`, method tó ń wá owó, fi dá òfo padà. Ẹni tó kọ method náà nìkan ló mọ ibi tí ọ̀nà ti pín, ibẹ̀ ni kó sì ti kọ ìlà rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni `%r args` yẹn, tó ń tẹ gbogbo ohun tí wọ́n fi lé method lọ́wọ́ jáde. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan nínú ìlú yìí pè mí kí n wá wo ìdí tí disk wọn fi ń kún. Mo ṣí fáìlì log. Ìlà kẹta tí mo kà, PIN ènìyàn ni, nọ́ńbà mẹ́rin gedegbe, nọ́ńbà fóònù ẹni náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo yí i sísàlẹ̀, ó kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn ló kọ decorator bí èyí, ó sì fi lé method tó ń gba PIN lórí. Kò ní èrò ibi kankan. Àmọ́ fáìlì yẹn ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, gbogbo ẹni tó lè wọ server ló sì lè kà á. Ọwọ́ mi gbọ̀n lórí kíbọ́ọ̀dù.

PIN, BVN, odindi nọ́ńbà àkáǹtì: kò gbọ́dọ̀ dé inú log rárá. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, dátà oníbàárà tó wà nínú fáìlì log kò sì yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú database. Bí o bá ń lo dataclass, rántí pé `__repr__` tó ń ṣe fúnra rẹ̀ máa ń tẹ gbogbo ohun tó wà nínú object jáde. Ibi tó bá lẹ́gẹ́, kọ `pin: str = field(repr=False)`.

JavaOjóò · Ọjọ́ Ajé, 9:00 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkan kún ti Ìyá wa. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀ wọlé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiyín. Ní December 2021, ohun tí gbogbo àgbáyé pè ní Log4Shell sọ wá di aláìsùn. Bí ènìyàn bá ti lè mú kí Log4j 2, irinṣẹ́ log ti Java, kọ ìlà kan tó ní `${jndi:` nínú, ó lè mú kí server lọ gbé kóòdù ẹlòmíràn wá ṣiṣẹ́. Inú àpótí orúkọ lásán ni ẹlòmíràn ń tẹ̀ ẹ́ sí. Python kò ní irú èyí, ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi ìlà tuntun sínú orúkọ rẹ̀ kó sì dá ìlà èké sílẹ̀ nínú log yín. `%r`, tó ń fi ìlà tuntun hàn bí `\n` lásán, ni kẹ́ ẹ fi kọ ohun tó bá ti ọwọ́ oníbàárà wá, kì í ṣe `%s`.

ỌmọAgbowó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 alẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí i!

Mo fi ìlà tí Ìyá Kóòdù kọ sínú method `wa`, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Mo tún wá owó ìyá ará Ìsẹ́yìn yẹn. Ohun tó jáde nìyí:

```
2025-03-11 19:02:44,318 WARNING oja.isanwo wiwa: onibaara='OB-117' lati=2025-03-08 00:00 de=2025-03-09 00:00 ri=0
```

Mo ń wo `lati` àti `de`, mo ní kí ló burú níbẹ̀, Sátidé ni Sátidé. Ni ojú mi bá kan aago ògiri. Aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 2. Log ní 19:02. Wákàtí kan gééré ló fi sẹ́yìn.

UTC, aago àpapọ̀ àgbáyé, ni aago server. Àwa níbí fi wákàtí kan ṣáájú. Mo sáré ṣí database. Owó náà wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, 84,000, OB-117, aago rẹ̀ `2025-03-07 23:17`. Aago 12:17 òru Sátidé ni ìyá yẹn fi owó ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn. Lójú server, alẹ́ Jímọ̀ ni. Ọmọ iṣẹ́ wá a ní Sátidé, kò lè rí i. Báńkì kò jẹ̀bi, ìyá kò purọ́, ọmọ iṣẹ́ náà kò ṣe àṣìṣe. `datetime.now()` tí mo kọ ni.

Gbogbo owó tó bá wọlé láàárín aago 12 òru sí aago 1 òru ló ti ń bọ́ sí ọjọ́ tó ṣáájú láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́nMọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:50 alẹ́

O ṣe dáadáa, àbúrò. Má lọ fi wákàtí kan kún un lọ́wọ́ o. Jẹ́ kí database wà ní UTC, kó o sì kọ UTC mọ́ ọn lára: `datetime.now(timezone.utc)`. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá tẹ̀ ni kó o so mọ́ `ZoneInfo("Africa/Lagos")` kó o tó wá a. Ó wà nínú Python láti 3.9. Àwọn owó àtijọ́ tí kò ní àmì, UTC ni gbogbo wọn, fi àmì sí wọn lára lẹ́ẹ̀kan.

Fún log náà, kọ `%z` sínú `datefmt` kí ìlà kọ̀ọ̀kan máa sọ aago ibi tó ti wá. Ká ní ó ti wà níbẹ̀, o kò bá má wo ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́Sángo · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, tí exception, ìyẹn àṣìṣe tó lè dá prógíráàmù dúró, bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Mo máa ń kọ `log.error(e)`, n ó sì tún `raise`.

Ẹ̀gbọ́nMọ́kọ́lá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:20 alẹ́

Yan ọ̀kan. Bí o bá kọ ọ́ tí o sì tún jù ú sókè, ẹni tó wà lókè náà á kọ ọ́, àṣìṣe kan á di mẹ́rin nínú fáìlì, ẹni tó ń kà á á rò pé mẹ́rin ló ṣẹlẹ̀. Ibi tí o ti fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni kó o ti kọ ọ́, `log.exception(...)` sì ni kó o lò nínú except, torí ó máa ń kọ traceback, ìyẹn ipa ọ̀nà tí àṣìṣe gbà, mọ́ ọn. `log.error(e)` máa ń gé e dànù.

ÌyáKóòdù_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:45 alẹ́

Ọmọ Agbowó, kó o tó sùn: server kékeré ni tìrẹ. Lo `RotatingFileHandler`, tó ń ṣí fáìlì tuntun bí ti tẹ́lẹ̀ bá kún, pẹ̀lú `maxBytes=5_000_000` àti `backupCount=5`. Fáìlì mẹ́fà ló máa wà, kò sì ní kọjá 30 MB láé. Bí disk bá kún lọ́jọ́ Sátidé, orí ọmọ iṣẹ́ yẹn náà ni yóò tún já lé.

ỌmọAgbowó · Ọjọ́rú, 10:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti ṣe é tán, mo sì wà ní Gbági báyìí. Ìyá oníléèsì ní kí n tún un wá lójú àwọn. Èmi kọ́ ló tẹ̀ ẹ́, ọmọ iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́:

```
2025-03-12 09:04:09+0000 INFO oja.isanwo wiwa: onibaara='OB-117' lati=2025-03-08 00:00+01:00 de=2025-03-09 00:00+01:00 ri=1
```

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na ìka sí `ri=1` yẹn lójú kọ̀ǹpútà. Ìyá ti pe Ìsẹ́yìn láti bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ń di léèsì náà lọ́wọ́ báyìí, ọkọ̀ aago 12 ni yóò gbé e lọ.